Ọ́fíìsì Ẹ̀yìnkùlé

Ní Ọ̀yọ́, ọkùnrin tó bá wà nílé láàárọ̀ láìṣàìsàn, gbogbo ayé ló ni ín. Yẹ̀kínì rí i bẹ́ẹ̀ nígbà tí ilé-iṣẹ́ tó ti ń tẹ̀wé n'Ìbàdàn dá òun àti ọ̀pọ̀ èèyàn dúró, lásìkò tí SAP, ètò ọrọ̀-ajé ìjọba ológun, ń fojú aráyé gbolẹ̀. Ó kó ìyàwó rẹ̀ Mọ̀ríámọ̀ àti ọmọ wọn Anas, ó padà sí agbo ilé bàbá rẹ̀. Ó ní ẹ̀rọ ìtẹ̀wé àlòkù kan, ó sì ní yàrá kan lẹ́yìnkùlé, ó wá pinnu pé òun á máa tẹ iṣẹ́ fún àwọn èèyàn níbẹ̀. Èrò tó dáa ni. Àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ olùkọ́ pọ̀ nílùú, àwọn lọ́yà wà, gbogbo wọn ló sì ní ohun tí wọ́n fẹ́ tẹ̀.

Àmọ́ ta ni yóò sọ fún agbo ilé pé ẹni tó jókòó sínú yàrá ń ṣiṣẹ́? Ilẹ̀ ò tíì ní mọ́ tán tí Bàbá Mashood tó ń gbé yàrá iwájú yóò ti máa pariwo orúkọ rẹ̀. "Yẹ̀kínì, nígbà tó ò kúkú lọ síbì kan, wá bá mi di ewúrẹ́ yìí mú." Ìyàwó àbúrò bàbá rẹ̀ fẹ́ kó sin òun lọ sí dípẹ́ńsárì. Ẹlòmíì fẹ́ kó bá òun dúró ti àwọn tó ń kan páànù. Kò sì ṣeé kọ̀. Ṣòkòtò oorun wà nídìí rẹ̀, pákò wà lẹ́nu rẹ̀, kó wá wo ojú àgbà kó ní ọwọ́ òun dí? Tirẹ̀ náà sì wà níbẹ̀ o, n kò ní gbè é. Bó bá jí, orí bẹ́ńṣì ló ń jókòó sí, tí á máa gbọ́ rédíò, tí á máa bá àwọn tó ń kọjá jiyàn lórí ìjọba ológun títí oòrùn á fi mú. Àwọn oníṣẹ́ ń bínú, wọ́n ń gba ìwé wọn padà. Dùndú tí Mọ̀ríámọ̀ ń dín lẹ́bàá ọ̀nà ni wọ́n fi ń jẹun.

Lọ́jọ́ tí lọ́yà kan wá gba ìwé rẹ̀ tó sì bú u lójú ìyàwó rẹ̀, ojú ti Yẹ̀kínì gidigidi. Láti ọjọ́ kejì ló ti tún òwúrọ̀ rẹ̀ tò.

Ó ń jí kí wọ́n tó pe ìrun àsùbáà. Bó bá kírun tán, kì í padà sórí ẹní mọ́. Á wẹ̀, á wọ ẹ̀wù tó ti lọ̀ sílẹ̀ láti àná, á so táì, á wọ bàtà tó ń dán, á gbé báàgì. Á wá gba ẹnu ọ̀nà iwájú jáde bíi gbogbo òṣìṣẹ́, á dọ̀bálẹ̀ níwájú Bàbá Mashood.

"Bàbá, mo ń lọ síbi iṣẹ́ o."

"Ọlọ́run á sìn ọ́ lọ, á sìn ọ́ bọ̀."

Á gba títì lọ, á yí ẹ̀yìn mọ́ṣáláṣí po, á gba àárín oko ẹ̀gẹ́ kan, á sì yọ sí ẹ̀yìnkùlé ilé ara rẹ̀. Á wọ yàrá, á ti ilẹ̀kùn mọ́ra, á jókòó sídìí ẹ̀rọ. Kò tún ní dìde àfi tí wọ́n bá pe ìrun ọ̀sán. Nígbà náà ni á tún gba oko ẹ̀gẹ́ padà, á gba iwájú wọlé pẹ̀lú báàgì rẹ̀, tí gbogbo agbo ilé á máa kí i káàbọ̀. Ta ló ń tẹ nǹkan kọ̀rọ̀kọ̀rọ̀ lẹ́yìnkùlé? Ọmọ ìkọ́ṣẹ́ rẹ̀ ni. Ibo ni ọ́fíìsì náà wà? Sẹkitéríàtì ìjọba ìbílẹ̀ ni. Mọ̀ríámọ̀ ló sọ ìyẹn lọ́jọ́ tí wọ́n fi ìbéèrè ká a mọ́, ó sì di ohun tí wọ́n dì mú.

Ẹ má bi mí bóyá ẹnikẹ́ni ò fura. Àwọn kan fura, wọ́n sì rẹ́rìn-ín sínú. Ṣùgbọ́n ẹni tó so táì mọ́rùn, kò sí ẹni tó tún lè ní kó wá bá òun di ewúrẹ́ mú, ohun tí Yẹ̀kínì sì ń wá náà nìyẹn. Iṣẹ́ rẹ̀ yí padà. Ìwé tó máa ń jókòó sọ́dọ̀ rẹ̀ di ohun tí wọ́n ń gbà lọ́jọ́ tó dá fún wọn, lọ́yà tó bú u tún padà wá. Inú Yẹ̀kínì dùn débi pé ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbàgbọ́ pé òun ti ríṣẹ́ lóòótọ́. Ọkùnrin tó ti jókòó bí òkú lórí bẹ́ńṣì, ó wá ń rìn bí ẹni tí wọ́n ń retí níbì kan. N kò lè bá a jà lórí ìyẹn.

Ìròyìn ọ́fíìsì dé Ògbómọ̀ṣọ́. Ibẹ̀ ni ìyá rẹ̀ wà, nínú agbo ilé bàbá tirẹ̀, níbi tó padà sí nígbà tí ọkọ rẹ̀ kú. Àmọ̀kẹ́, àbúrò Yẹ̀kínì, ló ń tọ́jú rẹ̀. Ìyá yìí ti sunkún iṣẹ́ tí wọ́n gbà lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀ títí ojú rẹ̀ fi wú. Nígbà tí Yẹ̀kínì lọ kí i, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó ní, "Wọ́n ní o ti padà sí ọ́fíìsì." Yẹ̀kínì fẹ́ sọ òótọ́, ó gbé e mì. Ó ní, "A dúpẹ́, Màámi." Láti ọjọ́ náà, kò sí ẹni tó wá kí ìyá náà tí kò ní gbọ́ pé ọmọ òun ń ṣiṣẹ́ ìjọba l'Ọ̀yọ́.

Nígbà tí ọyẹ́ bẹ̀rẹ̀, ẹsẹ̀ ìyá wú, èémí rẹ̀ ò já gaara mọ́. Yẹ̀kínì wá sọ́dọ̀ rẹ̀ nírọ̀lẹ́ Jímọ̀ kan. Ìyá ní kó sún mọ́ òun.

"Yẹ̀kínì, ojú rẹ ni mo fẹ́ rí kẹ́yìn. Ìwọ ni kó o sì gbé mi sọ̀ kalẹ̀ sínú sàréè. Má jẹ́ kí ọmọ ọlọ́mọ gbé mi sọ̀ kalẹ̀. Ohun tí mo bí ọ fún nìyẹn."

"Màámi, ẹ sáà ti ránṣẹ́ sí mi. Ibikíbi tí mo bá wà, màá dé."

Ìyá ṣe àmín sí i bí ẹni pé àdúrà ni.

Nígbà tó padà sílé, Mọ̀ríámọ̀ bi í léèrè. Òfin yàrá ẹ̀yìnkùlé le: ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ kan ilẹ̀kùn. Ìgbà kan tó kan ilẹ̀kùn nítorí iyọ̀, Yẹ̀kínì ṣi ìwé tó ń tẹ̀ tẹ̀, tòun ti ẹ̀dà tó wà lábẹ́ kábọ̀n, kò sì bá a sọ̀rọ̀ dalẹ́. "Bó bá wá jẹ́ ará Ògbómọ̀ṣọ́ ló wá ńkọ́, Bàbá Anas?"

"Béèrè ohun tó bá wá," ni Yẹ̀kínì wí. "Bó bá ní ara Màámi ò yá, tàbí ohun tó ju bẹ́ẹ̀ lọ, wá pè mí kíákíá. Bí kì í bá ṣe bẹ́ẹ̀, mo wà níbi iṣẹ́."

Ẹ wo ọ̀rọ̀ lẹ́nu ọmọ tí wọ́n bí sí agbo ilé! Kí àlejò àárọ̀ kùtù wá sọ fún ìyàwó ilé pé ìyá ọkọ rẹ̀ ń kú lọ? Ibo ni wọ́n ti ń ṣe bẹ́ẹ̀? Ọ́fíìsì ti wọ Yẹ̀kínì lára débi tó fi rò pé ẹni tó bá wá á sọ ohun tó bá wá, bíi ti ẹni tó dúró níwájú akọ̀wé.

Ọ̀rọ̀ náà ò pẹ́ títí. Ní àfẹ̀mọ́jú ọjọ́ kan, ìyá ṣíjú, ó ní, "Yẹ̀kínì dà?" Àfáà Gàfárù, àbúrò ìyá náà lọ́kùnrin, wà lẹ́bàá ẹní. Ó gbọ́ bí èémí náà ṣe ń dún, kò sì ní kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé fún òun. Ó ní kí Àmọ̀kẹ́ má kúrò níbẹ̀. Ó fi orúnkún rẹ̀ tó ń ro ó rìn dé gáréèjì Tákíẹ́, ó wọ ọkọ̀ àkọ́kọ́ tó ń lọ sí Ọ̀yọ́.

Nígbà tó wọ agbo ilé, Yẹ̀kínì ṣẹ̀ṣẹ̀ yí ẹ̀yìn mọ́ṣáláṣí po, ó sì ti wà nídìí ẹ̀rọ. Mọ̀ríámọ̀ ń bẹ iṣu lọ́wọ́. Ó kúnlẹ̀.

"Ẹ káàbọ̀, Bàbá. Ẹ kú ìrìn. Ṣé àlàáfíà lẹ bá wá?"

"Àlàáfíà ni, ìyàwó mi. Ọkọ rẹ dà?"

"Wọ́n ti lọ síbi iṣẹ́, Bàbá."

"Kùtù hàì báyìí?"

"Àárọ̀ ni wọ́n máa ń lọ." Ó bu omi fún un, ó sì rántí ohun tí ọkọ rẹ̀ ní kó béèrè. "Màámi ńkọ́, Bàbá? Ṣé kò sí o?"

"Wọ́n wà. Wọ́n ń kí yín. Wọ́n kàn ní kó yọjú ni."

Kò mu omi náà. Ó gbé e sílẹ̀ lẹ́bàá ẹsẹ̀ rẹ̀. Kí ni ẹ fẹ́ kó tún sọ? Àgbàlagbà tó jí gba Ògbómọ̀ṣọ́ wá, tí kò mu omi, tó ní kí ọmọ yọjú, ó ti sọ gbogbo rẹ̀ tán. Ìyókù, ọkùnrin ilé ni á sọ ọ́ fún, níkọ̀kọ̀, lẹ́yìn tó bá ti mú un jókòó. Mọ̀ríámọ̀ wo omi náà. Ó mọ̀. Ṣùgbọ́n ó ti ní ọkọ òun kò sí nílé. Báwo ló ṣe fẹ́ mú un jáde láti ẹ̀yìnkùlé lójú àna rẹ̀?

Ẹ̀rọ náà ń dún. Àfáà Gàfárù kọ etí sí i.

"Ta ló ń tẹ nǹkan nínú ilé?"

"Ọmọ ìkọ́ṣẹ́ wọn ni, Bàbá."

"Ó dáa. Pè é kó mú mi lọ bá ọ̀gá rẹ̀."

"Kò... kò mọ ọ̀nà ibẹ̀, Bàbá."

Ọkùnrin náà wò ó. Ọmọ ìkọ́ṣẹ́ tí kò mọ ibi tí ọ̀gá rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́! Ṣùgbọ́n èèyàn jẹ́jẹ́ ni, kì í sì í ṣe ẹni tó ń pe ìyàwó ẹlòmíì ní òpùrọ́. Ó bi í pé ibo ni ọ́fíìsì náà wà. Mọ̀ríámọ̀ wolẹ̀, ó ní sẹkitéríàtì ni. Ó ń retí pé á ní ó rẹ òun, á dúró. Àfáà dìde, ó ní òun á máa bèèrè ọ̀nà lọ.

Bó ṣe yí kọ́rọ̀ tán, Mọ̀ríámọ̀ sáré lọ síbi fèrèsé yàrá ẹ̀yìn.

"Bàbá Anas! Àfáà ti Ògbómọ̀ṣọ́ wá."

Ẹ̀rọ dákẹ́. "Ṣé ó ní ara Màámi ò yá?"

"Kò sọ bẹ́ẹ̀. Ó ní kẹ́ ẹ yọjú."

"Ṣé ó ní kíákíá?"

"Kò sọ ọ́. Àmọ́ kò mu omi, Bàbá Anas."

Inú bí Yẹ̀kínì. Iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ kan ló wà níwájú rẹ̀, ọmọ náà ń bọ̀ lẹ́yìn ìrun ọ̀sán láti gbà á, àwọn olùkọ́ rẹ̀ sì ti ní àwọn ò ní gba ìwé rẹ̀ mọ́ bó bá pẹ́. Ó ronú pé ọ̀rọ̀ òrùlé yàrá ìyá rẹ̀ tó ń jò ni, tàbí ẹjọ́ ilẹ̀ tó wà láàárín àwọn ẹbí ìyá rẹ̀. "Bí mo bá pa iṣẹ́ tì lónìí," ni ó wí, "ó tán nìyẹn. Lọ́la, wọ́n á tún pè mí sídìí ewúrẹ́. Sọ fún un bó bá padà wá pé mo máa lọ lọ́sàn-án." Mọ̀ríámọ̀ gbọ́ tí ẹ̀rọ tún bẹ̀rẹ̀, ó sì padà sídìí iṣu rẹ̀. Ó ń bẹ ẹ́, ó ń sunkún.

Ní sẹkitéríàtì, Àfáà Gàfárù ń lọ láti ilẹ̀kùn dé ilẹ̀kùn. "Mò ń wá Yẹ̀kínì tó ń tẹ̀wé, ọmọ tí ìyá rẹ̀ jẹ́ ará Ògbómọ̀ṣọ́." Wọ́n ṣe dáadáa fún un. Ẹnìkan fún un ní àga, ẹnìkan lọ bèèrè fún un lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Wọ́n tilẹ̀ bá a rí Yẹ̀kínì kan, awakọ̀ ni, ó sì sáré wá pẹ̀lú ìbẹ̀rù lójú. Àfáà wò ó, ó ní, "Ìwọ kọ́, ọmọ mi. Má bínú." Ó tún dìde, ó ń bá ìbéèrè lọ.

Wọ́n pe ìrun ọ̀sán. Yẹ̀kínì fa ìwé tó gbẹ̀yìn yọ, ó tò wọ́n, kò sí àṣìṣe kankan níbẹ̀. Ó gba oko ẹ̀gẹ́, ó gba iwájú wọlé, Bàbá Mashood kí i káàbọ̀. Ó kírun. Ó jẹun. Bẹ́ẹ̀ ni, ó jẹun, n kò lè fi ìyẹn pamọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ náà wá gba iṣẹ́ rẹ̀, ó dúpẹ́ gan-an. Ìgbà náà ni Yẹ̀kínì tó lọ sí gáréèjì Òwódé.

Inú ọkọ̀ tó ń lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́ ló ti bá Àfáà Gàfárù, tó jókòó pẹ̀lú eruku lẹ́sẹ̀ dé orúnkún. Ojú ọkùnrin náà là.

"Yẹ̀kínì! Wọ́n ti jíṣẹ́ mi fún ọ! Mo wá ọ títí, gbogbo wọn ní àwọn ò mọ̀ ọ́. Mo ní àbí mo ṣìnà ni."

"Ẹ̀ka tí mo wà ò sí nínú ilé yẹn, Bàbá." Kò mọ ìgbà tí irọ́ náà ti ẹnu rẹ̀ jáde. "Màámi ńkọ́?"

Àfáà wo àwọn èrò inú ọkọ̀, ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. "Nígbà tí mo kúrò níbẹ̀, wọ́n ṣì ń bèèrè rẹ."

Yẹ̀kínì ń bẹ awakọ̀ pé kó má dúró gbé èrò mọ́. Wọ́n dé Ògbómọ̀ṣọ́.

Àwọn ọkùnrin jókòó síwájú agbo ilé. Àwọn ọ̀dọ́ kan bẹ̀rẹ̀ lẹ́bàá garawa, wọ́n ń ṣan erùpẹ̀ pupa kúrò lọ́wọ́ àti lẹ́sẹ̀. Yẹ̀kínì rí erùpẹ̀ náà, ó wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọmọ ọlọ́mọ ni gbogbo wọn.

Àmọ̀kẹ́ jáde sí i, ó so mọ́ ọn lọ́rùn. "Ẹ̀gbọ́n mi, a dúró dè yín. Kò pẹ́ tí oòrùn yọ tí wọ́n lọ. A dúró, a dúró, títí dìgbà tí wọ́n kírun ọ̀sán. Àwọn àfáà ní kò dáa ká tún dá wọn dúró mọ́."

"Kí ni wọ́n sọ? Àmọ̀kẹ́, ṣé wọ́n bèèrè mi?"

"Wọ́n bèèrè yín. Mo ní Àfáà ti lọ mú yín wá. Wọ́n wá rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní ká má dí yín lọ́wọ́, ọmọ àwọn wà ní ọ́fíìsì. Ìyẹn ni wọ́n sọ kẹ́yìn."

Yẹ̀kínì ké bí ẹran. Àwọn èèyàn dì í mú. Àwọn kan sì ti ń kùn pé irú àkọ́bí wo lèyí. Àfáà Gàfárù gbé ọwọ́ sókè, ojú rẹ̀ kún fún omi. "Ẹ má bá a wí! Èmi ni mo lọ. Mo fi ẹsẹ̀ mi dé ibi iṣẹ́ ìjọba náà. Ibi ńlá ni. Ẹni tó wà nínú rẹ̀, ẹ ò lè rí i bó bá ṣe wù yín. Kì í ṣe ẹ̀bi ọmọ yìí."

Ìyẹn ni Yẹ̀kínì ò lè gbà. Ó fa Àfáà lọ sẹ́yìn ilé, ó dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ sínú iyẹ̀pẹ̀.

"Bàbá, n kò ní ọ́fíìsì. Inú ilé ni mo wà. Èmi ni mò ń tẹ nǹkan tẹ́ ẹ gbọ́."

Àfáà wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀ tí eruku Ọ̀yọ́ ṣì wà lórí rẹ̀.

"Mo jókòó sórí bẹ́ńṣì," ló wí. "Mò ń gbọ́ ọ."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

"Èmi náà ò bá wọn sin ẹ̀gbọ́n mi."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá. Ẹ jẹ́ kí n jáde lọ sọ fún wọn. Ẹ jẹ́ kí wọ́n bú mi."

"Rárá." Ohùn rẹ̀ le, Yẹ̀kínì ò gbọ́ irú rẹ̀ lẹ́nu rẹ̀ rí. "Ẹ̀rín ni ìyá rẹ fi lọ. Ọ́fíìsì rẹ ló ń rẹ́rìn-ín sí. Àmọ̀kẹ́ ló wà níbẹ̀ tó rí i, ìyẹn nìkan ló sì kù lọ́wọ́ rẹ̀. O ò ní gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ nítorí kí ara lè tù ọ́. Dìde. Lọ jókòó sáàárín wọn. Máa gbé e bẹ́ẹ̀."

Yẹ̀kínì nu ojú rẹ̀, ó lọ jókòó sórí ẹní. Àwọn èèyàn ń wọlé, wọ́n ń kí i kú ará fẹ́ra kù. Ìyá arúgbó kan tó jẹ́ ọ̀rẹ́ ìyá rẹ̀ mú ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì, kò sì fẹ́ fi í sílẹ̀.

"Ọmọ mi, ọ̀rọ̀ rẹ ò kúrò lẹ́nu ìyá rẹ. Iṣẹ́ ńkọ́?"

Láti ọ̀ọ́kán, Àfáà Gàfárù gbójú sókè, ó ń wò ó.

"Iṣẹ́ ń lọ dáadáa, Màmá," ni Yẹ̀kínì wí. "A dúpẹ́."

Obìnrin náà gbàdúrà fún un pé kí Ọlọ́run jẹ́ kó pẹ́ nídìí rẹ̀, gbogbo àwọn tó wà lórí ẹní sì ṣe àmín.